Kí Ẹ Tó Ta Abo Ẹlẹ́dẹ̀

Ní agbègbè Port Harcourt níbí, bí akọ bá gun abo ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò lóyún, ọjà ló ń lọ. Wọ́n á pe alápatà, wọ́n á ná an, ó parí. Akọ tó gùn ún wà nínú yàrá tirẹ̀, ó ń jẹun, ó ń sùn, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan. Mo mọ oko kan ní ìhà Igwuruta tí wọ́n ti ta abo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kí ẹnì kan tó rántí pé akọ kan ṣoṣo ló ń gun gbogbo wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe nínú ìdílé wa: wọ́n á mú ìyàwó káàkiri ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ọkọ kò sì ní gbà kí wọ́n yẹ òun wò.

Iṣẹ́ mi ni kí n gba àtọ̀ lára akọ ẹran, kí n fi máíkírósíkóòpù yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sọ fún olóko bóyá ó ṣeé lò. Ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí ń sìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òbúkọ àti tòlótòló. Bí mo bá wo àtọ̀ kan tí kò rìn dáadáa, èrò olóko ni pé nǹkan kan ló ṣe akọ náà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí: bóyá omi tó mu lánàá, bóyá ẹni tó wá kí wọn lóko lọ́jọ́ Àìkú. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 39 kí ọmọ àtọ̀ kan tó pé nínú ẹpọ̀n akọ ẹlẹ́dẹ̀, ó sì tún ń lò tó ọjọ́ mẹ́wàá nínú òpó tóóró tó ti ń gbó kí ó tó jáde. Ti akọ màlúù tó ọjọ́ 61, ti àgbò sún mọ́ 47. Àkùkọ nìkan ló ń yára, bí ọ̀sẹ̀ méjì péré. Nítorí náà, kàlẹ́ńdà ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. A ó ka ọ̀sẹ̀ méje padà sẹ́yìn, n ó wá bi olóko pé: kí ló ṣẹlẹ̀ nínú oko yìí nígbà náà?

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn ìbéèrè yìí kan ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ kan náà tí ẹran ń mí kí ó lè wà láàyè ló ń ba àtọ̀ jẹ́. Ara ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ kí ó lè rí agbára, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yẹn díẹ̀ lára rẹ̀ máa ń yapa di oníjàgídíjàgan, tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá fara kàn ló ń bà jẹ́. Hydrogen peroxide tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò wà lára wọn. Ara ní àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń pa oró wọn, ó sì ń lo fítámì E àti C pẹ̀lú. Ìgbà tí oníjàgídíjàgan bá pọ̀ ju ohun tó lè kápá wọn lọ ni wàhálà dé, òun ni ìwé ń pè ní oxidative stress.

Kò sí sẹ́ẹ̀lì tí wàhálà yìí ń tètè mú bí ọmọ àtọ̀. Awọ tó bò ó kún fún ọ̀rá tí kì í dì, irú èyí tó wà lára ẹja, torí pé awọ náà gbọ́dọ̀ rọ̀ kí ìrù lè máa jù, kí orí sì lè wọnú ẹyin abo. Ọ̀rá tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ́síjìn ń tètè rí ṣe. Nígbà tó sì ń gbó, kí ó lè fúyẹ́ fún ìrìn, ó ti da èyí tó pọ̀ jù nínú omi ara rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ inú omi yẹn ni àwọn ẹ́ńsáìmù tí ì bá gbà á sílẹ̀ ń gbé. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀gúsí bíbó sílẹ̀ láìdé títí ó fi korò ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tó ṣe ọ̀rá inú ẹ̀gúsí yẹn ló ń ṣe awọ ọmọ àtọ̀. Ẹ̀gúsí ń lo oṣù, àtọ̀ ń lo wákàtí.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1943, John MacLeod ní Cornell, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi hàn pé àtọ̀ ènìyàn tí a bá fún ní ọ́síjìn púpọ̀ kì í lè rìn mọ́, àti pé catalase, ẹ́ńsáìmù tó ń tú hydrogen peroxide ká, ń dáàbò bò ó. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Tosic àti Walton ní Cambridge fi àtọ̀ akọ màlúù ṣe tiwọn, wọ́n sì rí ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ àtọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe hydrogen peroxide tó ń dá a dúró. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú àtọ̀ sínú ìgò ti mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìgò ń pa ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ dé ibí ní Port Harcourt, ẹni tó ń gbọ́ mi á ti na ìka sí ojú sánmà. N kò dá a lẹ́bi. Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú ti ń rọ̀ lé ìlú yìí lórí, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aṣọ funfun tí a sá síta kì í wọlé ní funfun. Ẹ fi ìka nu ojú fèrèsé, ẹ ó rí i. Àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì ní bòńkẹ́lẹ́ nínú àbàtà, iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní kpofire, lọ́wọ́ sí i. Iná gáàsì lọ́wọ́ sí i, táyà tí wọ́n fi ń sun awọ màlúù di pọ̀nmọ́ ní Trans-Amadi náà kò gbẹ́yìn. Ní January 2022, gómìnà ìgbà náà, Nyesom Wike, gbógun ti àwọn olùfọpo wọ̀nyí. Èéfín dín kù nígbà mìíràn, ó tún ń padà wá.

Epo tiwa yìí sì ti dé iwájú àwọn olùwádìí. Ní 2004, Orish Orisakwe, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Port Harcourt lẹ́yìn náà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún akọ eku ní epo rọ̀bì Bonny Light mu, wọ́n sì rí i pé iye ọmọ àtọ̀ ń dín kù. Ní Ìbàdàn, Olatunde Farombi, Isaac Adedara àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wọ inú ẹpọ̀n eku lọ lọ́nà tiwọn: Bonny Light ń dá oníjàgídíjàgan ọ́síjìn sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹpọ̀n máa pa ara wọn. Ẹ má bi mí pé ta ló ń mu epo rọ̀bì. Ní etí òkun wa níbí, àwọn kan ti ń mu ún láti ọjọ́ pípẹ́ fún inú rírun, wọ́n ń fi pa ojú iná, wọ́n sì gbà pé ó ń lé májèlé àti àjẹ́ lọ.

Síbẹ̀, mo máa ń rọ olóko kí ó má fi ìwádìí yẹn ṣe àwáwí. Eku tí wọ́n rọ epo sí lọ́nà ọ̀fun kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ tó ń mí èéfín sínú. Ọ̀nà tí epo fi lè gba ẹnu wọnú ẹran lóko ni omi, omi ni mo sì máa ń fura sí ṣáájú afẹ́fẹ́. Nígbà tí àjọ UNEP gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogoni jáde ní 2011, wọ́n rí benzene nínú omi kànga ní Nisisioken Ogale, lágbègbè Eleme, tó fi ìlọ́po tó lé ní 900 ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé gbà láyè. Láti Port Harcourt dé Eleme kò jìnnà. Olóko tó gbẹ́ kànga ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí kò gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kò tíì tó ẹni tí ń bá mi sọ̀rọ̀ fítámì.

Bí omi bá mọ́, ooru ló kàn, òun gan-an ni mo gbà pé ó ń ṣe wá lọ́ṣẹ́ jù. Ẹpọ̀n wà níta ara nítorí pé ó fẹ́ tutù ju inú lọ ní dígírì mélòó kan. Bí ó bá gbóná, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á máa béèrè ọ́síjìn sí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, oníjàgídíjàgan á wá gbilẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn tó ṣe é ní oore. Ẹrẹ̀ tó ń yí nínú rẹ̀ ni àágùn rẹ̀. Ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún omi bíi tiwa, èyí tó bá tilẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lára kì í tètè gbẹ kí ó tù ú. Wá wo ibi tí a ń tì í mọ́: páànù ìhòòhò tí orí ènìyàn ń kàn, ògiri búlọ́ọ̀kù yíká nítorí olè, afẹ́fẹ́ kò ríbi gbà.

Ibí ni kàlẹ́ńdà ti ń wúlò. Oṣù kejì àti ìkẹta ni ooru wa máa ń mú jù. Akọ á máa gun abo nígbà náà, àwọn abo á sì lóyún, torí pé àtọ̀ inú ọyẹ́ ló ń lò. Nígbà tí oṣù kẹrin bá dé, òjò ti ń rọ̀, ara ti tu gbogbo ẹran, ìgbà náà gan-an ni abo á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Olóko á búra fún ọ pé kò sí ooru lóko òun. Òótọ́ ló ń sọ nípa ọjọ́ òní. Àtọ̀ tí akọ ń tú jáde lóṣù kẹrin, inú ooru ló ti wáyé. Ẹni tí kò bá mọ èyí á ta abo ní oṣù karùn-ún, á ra òmíràn, ti tuntun náà á lóyún ní oṣù kẹfà torí pé ara akọ ti balẹ̀, á wá gbà títí ayé pé abo ló yàgàn.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ́síjìn fi ń tàn wá jẹ. Àtọ̀ lè máa rìn dáadáa lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí ó sì ti gba ọgbẹ́ nínú DNA rẹ̀, níbi tí ojú mi kò lè dé. Ó lè bá ẹyin pàdé, oyún á dúró, á sì wálẹ̀ lọ́jọ́ díẹ̀ sígbà náà. Ọjọ́ ni mo fi ń fura sí i. Abo tí akọ kò bá fún lóyún rárá á padà béèrè akọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21. Èyí tó bá tó ọjọ́ 25, ọjọ́ 30 ó lé, kó tó padà béèrè, ó ṣeé ṣe kí oyún ti dúró rí kó tó bàjẹ́. Àìsàn lè fà á, kì í ṣe ti akọ nìkan, ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo abo tí akọ kan gùn, ẹ jẹ́ kí a lọ bá akọ náà. Olóko tí kì í kọ ọjọ́ sílẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí láé, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́.

Oúnjẹ náà ń dá kún un, ní pàtàkì nígbà òjò. Àwa tó wà níhìn-ín kì í jìnnà sí PKC, pàǹtí ẹ̀kúrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀, nítorí ó pọ̀ nílẹ̀ yìí, ó sì rọjú ju àgbàdo tó ń ti òkè Ọya bọ̀. Oúnjẹ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àdín díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀, bí àpò bá sì jókòó lórí sìmẹ́ǹtì tútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àdín yẹn á bàjẹ́, á máa rùn, àwọn mìíràn á bu pẹ̀lú. Ẹran tó ń jẹ ọ̀rá tó ti bàjẹ́ ń gbé oníjàgídíjàgan wọ ikùn lọ tààrà, fítámì E tó wà lára rẹ̀ ni yóò sì máa fi ná an. Ẹ gbọ́ òórùn oúnjẹ kí ẹ tó dà á sílẹ̀ fún ẹran. Àyẹ̀wò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ oògùn ni gbogbo wọn ń béèrè. Àwọn olùtajà ti kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ náà, antioxidant. Ó wà lára ike, ó wà lórí rédíò. Ìyá àgbà kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Aluu, ọmọ Iléṣà, sọ fún mi pé, "Dókítà, ẹ kọ èyí tó lágbára jù nínú wọn fún mi, kí n fún un ní ìlọ́po méjì." Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé páànù yìí sókè ná." Inú wọn kò dùn sí mi lọ́jọ́ yẹn, torí pé páànù ń béèrè káfíńtà, oògùn kò béèrè ju owó lọ.

N kò sọ pé fítámì kò dára. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò rí selenium tó ń tú ọmọ àtọ̀ tí ìrù rẹ̀ ń ṣẹ́ jáde, torí pé ẹ́ńsáìmù kan tó ní selenium nínú ló so ìrù náà ró; Ursini àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní 1999. Ṣùgbọ́n ohun tí akọ nílò kò ju 0.3 mílígíráàmù lọ nínú kílò oúnjẹ kan. Bí ó bá lé ní márùn-ún, ó ti ń di májèlé: irun á máa re, pátákò á máa ṣí. Ìlọ́po méjì lónìí, ìlọ́po méjì lọ́la, ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀, pàápàá bí oúnjẹ alápò tí ẹ rà bá ti ní tirẹ̀ nínú.

Ohun kan tún wà tí olùtajà kì í sọ. Eve de Lamirande àti Claude Gagnon, ní Montreal, fi àtọ̀ ènìyàn ṣàyẹ̀wò láàárín ọdún 1990 sí 2000, wọ́n sì rí i pé ọmọ àtọ̀ nílò díẹ̀ nínú oníjàgídíjàgan ọ́síjìn wọ̀nyí kí ó tó lè gbáradì láti wọ ẹyin. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ tán pátápátá, àtọ̀ á wà láàyè lóòótọ́, kò sì ní lè ṣe iṣẹ́ tó bá wá.

Orógbó náà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará Ìbàdàn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí kolaviron, èyí tí wọ́n ń fún jáde láti inú orógbó, wọ́n sì ti rí i nínú eku pé ó ń dáàbò bo ẹpọ̀n lọ́wọ́ oríṣiríṣi májèlé. Inú mi dùn sí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé oko kan tí wọ́n ti ń gún orógbó mọ́ oúnjẹ akọ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀rín ni mo rín. Ohun tí wọ́n ti fún, tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n sì wọ̀n sẹ́nu eku kò bá gbígún inú odó dọ́gba. Akọ náà sì ti da oúnjẹ rẹ̀ nù, nítorí ó korò.

Ibi tí apá mi ká jù ni ìgò. Lẹ́yìn tí àtọ̀ bá ti jáde, kò sí ẹlòmíràn tí a ó di ẹ̀bi rù. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà latex ń pa àtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ti vinyl ni kí ẹ lò. Oòrùn kò gbọ́dọ̀ kàn án. Fíríìjì ilé ìdáná kì í ṣe ilé rẹ̀ rárá: dígírì 17 ni àtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́, bí ó bá tutù wọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, awọ rẹ̀ á fọ́. Ti màlúù àti ti òbúkọ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tilẹ̀ ń gbà kí a dì wọ́n sínú nitrogen olómi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìdajì ló ń kú sínú dídì náà. Ní Yunifásítì FUNAAB, Abẹ́òkúta, J. O. Daramola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dán fítámì àti omi èso wò nínú àtọ̀ òbúkọ ìbílẹ̀ wa nítorí ikú yìí kan náà.

Àwọn tí mo gbóríyìn fún jù ni àwọn ará New Zealand. Dípò kí wọ́n máa wá ohun tí yóò bá ọ́síjìn jà nínú ìgò, wọ́n lé ọ́síjìn jáde. Omi tí wọ́n fi ń pò àtọ̀ màlúù, Caprogen, nitrogen ni wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kúrò, wọ́n tún fi catalase sí i, àtọ̀ náà á sì wà láàyè fún ọjọ́ mélòó kan nínú yàrá lásán, ní dígírì 18 sí 24, láìsí yìnyín. A ò ní nitrogen lóko ní Aluu, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ṣeé mú lò: ẹ kún ìgò dé ọrùn kí afẹ́fẹ́ má ríbi jókòó sí, ẹ rọra dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò kó má hó, ẹ má mì í. Mo ti rí ẹni tó ń mì í bí oògùn ikọ́.

Láti New Zealand yẹn náà ni Shannon àti Curson ti fi hàn ní 1972 pé ọmọ àtọ̀ màlúù tó ti kú ń tú ẹ́ńsáìmù kan jáde tó ń ṣe hydrogen peroxide, tó ń pa àwọn alààyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ di òfin fún ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Olóko tí akọ rẹ̀ kan ń ṣe dáadáa, tí èkejì ń ṣe ségesège, á máa fẹ́ kí n pò méjèèjì pọ̀ kí ọ̀kan lè ran èkejì lọ́wọ́, kí iye ìgò sì pọ̀. N kì í gbà. Ti akọ ségesège á wà nínú ìgò tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí a gbà á, n ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ kejì, bí kò bá rìn mọ́, a ó dà á nù, a ó sì lọ wo orí páànù rẹ̀.